Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ẹ́ńjìnnì O

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé Yorùbá ni gbogbo wa. Mo ti gbọ́ ọ, mo ti gbà á gbọ́, mo sì ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí mò ń kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó gbà pé ìrìn àjò ni mò ń lọ. Àbúrò bàbá mi ní ibi tí mò ń lọ kì í ṣe òkè òkun, pé kò sí òkun kankan láàárín wa, pé èdè wa náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé ńṣe ló dà bí ẹni kúrò ní pálọ̀ wọ yàrá. Ẹnì kan ládùúgbò wa lọ sí Kánádà lọ́dún yẹn, odidi ìjọ ló dìde dúró gbàdúrà fún un. Èmi tí mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Tchaourou, lẹ́yìn bọ́dà, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ìyá mi nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ wà lọ ló sì ń wò, kì í ṣe èmi.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi níbí ni pé orúkọ mi pòórá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Mesíọ̀ Ańgílẹ́ ni mí, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Gẹ̀ẹ́sì. Ládùúgbò, ará Èkó ni mí. Mo ṣàlàyé títí pé n kò gbé Èkó rí, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀ láyé mi, wọ́n sì jí fóònù mi ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọ́n á gbọ́ àlàyé náà tán, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ kú ilé o, ará Èkó."

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Bí mo bá ní kí wọ́n tà mí ní búrẹ́dì, ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ sọ pé "pẹ́ẹ̀n" pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé, kó tó nawọ́ gbé e. Àwọn tó fi Faransé lú Yorùbá wọn báyìí ló ń sọ fún èmi, tí mo gboyè ní yunifásítì, pé Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ jù nínú tèmi. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni.

Ẹni tó lọ sí Kánádà mọ̀ pé àlejò lòun. Bí wọn ò bá gbọ́ ohun tó wí, kò ní yà á lẹ́nu, kò sì ní yà wọ́n lẹ́nu. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dé ìdajì, èmi náà gbọ́ wọn dé ìdajì, oníkálùkù sì gbà pé odidi lòun gbọ́. Inú ìdajì tó kù yẹn ni gbogbo wàhálà mi ti ṣẹlẹ̀, títí kan èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ Jàpáànù aláwọ̀ eérú ni. Aago tó ń ka kìlómítà rẹ̀ ti kú ṣáájú bàbá mi, ṣùgbọ́n kó tó kú, nọ́ńbà ojú rẹ̀ ti gùn débi pé ẹnì kan tó wá wò ó bóyá òun á rà á bi wá pé ṣé nọ́ńbà fóònù ni. Bàbá kò tà á. Olùkọ́ ìṣirò ni, kì í ṣe mẹkáníìkì, síbẹ̀ kò gbà kí ẹlòmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni à ń kí.

Ìyá mi, ní tirẹ̀, kì í sùn nínú ọkọ̀. Kò fọkàn tán awakọ̀ kankan láyé yìí. Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ló ti máa ń sùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún bó ṣe yẹ, kí a tó jáde nígboro, orí rẹ̀ á ti wà lára gíláàsì. Bó bá wá lajú lójijì, bàbá kò ní béèrè nǹkan kan. Á rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á lọ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Ọkọ̀ yìí ni mo gbé wá sí Tchaourou. Epo tí mò ń rà sínú rẹ̀, inú ìgò ni wọ́n ń tà á sí lẹ́bàá títì. Kpáyọ̀ ni wọ́n ń pè é, láti ìlú wa ló sì ti ń wọlé. Bí mo bá rí àwọn ìgò náà tí oòrùn ń tàn sí wọn lára, ara máa ń tù mí díẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo kúrò nílé.

Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, màá jókòó sínú ọkọ̀ náà níwájú ilé láìlọ síbì kankan. Rédíò inú yàrá mi kì í gbé Ìlọrin, ti ọkọ̀ ń gbé e, bí mo bá kọ imú ọkọ̀ sí ìlà oòrùn. Táta Felisité, ìyẹn Àǹtí Felisité, onílé mi, ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ta iṣu àti kajú, kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni mò ń gbà níbẹ̀. Nígbà tó mọ̀ pé rédíò ni, ó ní kí n kúkú gba àdúrà náà, torí ọkọ̀ mi dí ọ̀nà àpò iṣu òun. Mo ń gbọ́ ìkéde òkú àwọn tí n kò mọ̀ rí, ará Ọ̀fà, ará Ìjàgbó, mo sì ń kẹ́dùn fún ẹbí wọn. Ká ní ilé ni mo wà ni, pípa ni ǹ bá pa rédíò náà.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó ṣe díẹ̀ kó tó kàn mí. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ní òun ń bọ̀ wá wo ibi tí mo wà. Ọ̀rẹ́ òun kan tó ń ra ẹ̀wà máa ń wá sí bọ́dà tó wà lọ́nà Kika. Òun á tẹ̀lé e débẹ̀, kí n wá pàdé òun. Mo ní ọ̀nà náà kò dára. Mo ní mo lè háyà ọkọ̀ tuntun tí kò ní jó o lẹ́sẹ̀.

"Ọkọ̀ bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Ó ń rìn?"

"Ó ń rìn dáadáa."

"Òun ni n ó wọ̀ láti bọ́dà. Bí kì í bá ṣe òun, jẹ́ kí n jókòó sílé mi."

Ẹ gbọ́ ọ yé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ ẹ̀yìn odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lọ. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ n'Ílọrin, kò lọ. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ síbì kan, ibi tó sì fẹ́ lọ náà ni ọ̀dọ̀ mi. Mo pa fóònù, mo gbé ọkọ̀, mo ní kí n dán an wò dé Tchatchou kí n sì padà.

N kò dé Tchatchou. Ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà, èéfín funfun bo ẹ̀yìn mi, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá sì ń ju ọwọ́ sí mi bí ẹni pé mo ń ṣe ayẹyẹ. Wọ́n fà mí padà wá sí gáráàjì Tọ́ńtọ́n Ràímì, ìyẹn Bùrọ̀dá Ràímì, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ojú irin. Mùsùlùmí ni Tọ́ńtọ́n Ràímì, Tchaourou ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí, kì í sì í yára ṣe ohunkóhun, ìbínú pàápàá. Ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè, ohun tó ń dí ojú orí ẹ́ńjìnnì kó má jò. Gbígbóná dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣì ń mu ọ́ìlì, ó sì ń tu èéfín búlúù bí ẹni tó ń mu tábà.

Ọ̀rọ̀ wá di pé, báwo la ṣe fẹ́ tún un ṣe tó? Tọ́ńtọ́n ní kí á ṣí gbogbo rẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ látinú. Táta Felisité ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin, kí n gba odidi àga kan níbẹ̀ ṣe ìrántí bàbá mi. Èmi rò ó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀ dà bí agbo ilé ńlá. Bí o bá jí ẹnì kan lójú oorun, gbogbo wọn ló máa jí, oníkálùkù á sì ní ohun tó fẹ́ gbà. Ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo pinnu pé kí á má ṣí i. Màá máa bu ọ́ìlì sí i, kó kàn gbé wa dé láti bọ́dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pinnu yẹn, mo gun alùpùpù Táta Felisité lọ síbi iṣẹ́. Táyà rẹ̀ jò níwájú gáráàjì gan-an. Mo gbé e sábẹ́ igi, mo fẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì mi, mo sì pe Tọ́ńtọ́n lórí fóònù ní àkókò ìsinmi. Mo rántí gbólóhùn mi láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pe méjì, torí mo ti tún un sọ níwájú ẹlẹ́rìí lẹ́yìn náà. Mo ní:

"Tọ́ńtọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ mọ́tò yẹn wò, gbogbo ẹ̀ pátá, kí ìyá mi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì o. Bó ṣe wà yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó ní òun gbọ́. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ti wá gba ìmọ̀ràn. Ìyẹn ló yẹ kó ta mí lólobó.

Nígbà tí mo dé gáráàjì lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì bàbá mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tapólì. Kì í ṣe apá kan rẹ̀ o. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń pàtẹ ọjà. Pístọ̀n wà níbí, orí wà lọ́hùn-ún, àwọn nọ́ọ̀tì wà nínú agolo tòmátò kan tí ṣíbí ṣì wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ igi, wọ́n ti fi aṣọ bo alùpùpù Táta Felisité kí ekuru má bà lé e, wọ́n sì fi òkúta yí i ká kí ẹnikẹ́ni má fara kàn án.

Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ Tọ́ńtọ́n fún un. Mo ní mo pàṣẹ kan, ó sì ṣe òdìkejì rẹ̀. Mo ní kò pè mí kó tó bẹ̀rẹ̀, kò pè mí nígbà tó dé ìdajì, kò sì pè mí nígbà tó parí. Mo ní ọkọ̀ tó ń rìn ni mo gbé sílẹ̀, àwo irin ni mo bá. Mo ní èwo wá ni ti ṣíbí? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mesíọ̀, ẹ ní kí n yẹ ẹ́ wò, gbogbo ẹ̀ pátá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yẹ gbogbo ẹ̀ wò láìtú u?"

"Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì."

"A ò fọwọ́ kàn án." Ó nawọ́ sábẹ́ igi. "Ẹ lọ wò ó. Àní táyà tó jò yẹn, a ò lẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa irú ènìyàn tí kì í gbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Òun náà bi mí pé ṣé bí mo ṣe ń bá àwọn ọmọ wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn, torí ìdánwò wọn ti ń sún mọ́lé. Ẹnu èyí ni a wà tí Táta Felisité fi dé láti wá gbé alùpùpù rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ ọ lọ́wọ́ Tọ́ńtọ́n, ó ní kí á dákẹ́, òun fẹ́ bi wá ní nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ìka nìkan ni kí á fi dáhùn.

"Mesíọ̀, kí ni mọ́tò?"

Mo nàka sí ọkọ̀.

"Tọ́ńtọ́n, kí ni mọ́tọ̀?"

Ó nàka sí àwọn irin orí tapólì.

"Mesíọ̀, ẹ́ńjìnnì?"

Èmi náà nàka sí àwọn irin orí tapólì.

"Tọ́ńtọ́n, ẹ̀ńjẹ̀n?"

Tọ́ńtọ́n nàka sí alùpùpù.

Táta Felisité jókòó sórí táyà kan, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Òun ló ṣàlàyé fún wa nígbà tó lè mí. Mọ́tò tí à ń pè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ni. Mọ́tọ̀ tiwọn, ẹnu Faransé ni wọ́n ti gbà á, ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ohun tí àwa ń pè ní ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ̀ńjẹ̀n tiwọn, ohun tí èèyàn ń gùn ni. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ ọ ló tú ẹ́ńjìnnì bàbá mi palẹ̀, àmì tí mo máa ń gé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé lórí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ wọn ní Yorùbá nílé.

"Vwalà, ẹ ò rí i," ni Táta wí. "Ohun tí Mesíọ̀ ní kí o ṣe lo ṣe. Kì í kàn ṣe ohun tó fẹ́."

Mo sọ fún Tọ́ńtọ́n pé kó dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe bá a. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ríìngì tó ti jẹ tán, bí èèyàn bá ti fojú rí i, kò lè dá a padà kí ojú má tì í. Bí mo bá fẹ́ kó dà bíi tuntun, wọ́n á gbé irin ńlá náà lọ sí Parakou lọ fá inú rẹ̀, ìyá mi á sì dé bọ́dà kó tó padà. Bí n kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun lè pààrọ̀ ríìngì àti bẹ́árínnì nìkan, kó tò ó pọ̀. Èéfín kò ní tán, ṣùgbọ́n á dínkù. Mo bi í bóyá á gbé wa láti Kika dé ilé. Ó wo mọ́tọ̀ náà, ó wò mí, ó ní bí mi ò bá sáré.

Mo gbà. N kò dárí jì í o, mo kàn gbà ni.

Ó ń kó àwọn èyí tó fẹ́ jù nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo rí pálí kan nínú wọn. Pálí bísíkíìtì ni, ọ́ìlì ti mu ún di dúdú, wọ́n gé e yípo bí férémù. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ni, ti àwo ọ́ìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan fi bírò kọ nọ́ńbà sí i, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń to ọmọ kíláàsì sórí ìlà. Mo mọ ọwọ́ tó kọ méje yẹn. Bàbá mi nìkan ló máa ń dábùú méje rẹ̀ láàárín.

Mo ní, "Ẹ má ju èyí."

"Mesíọ̀, pálí ni."

"Mo rí i."

"Á máa jò."

"Ó ti ń jò láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà."

Ó fẹ́ jiyàn. Táta Felisité sọ nǹkan kan fún un ní ohùn ìsàlẹ̀, kíákíá, ní ìdajì Yorùbá yẹn tí n kì í gbọ́. Tọ́ńtọ́n gba pálí lọ́wọ́ mi. Ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ pálí náà bí ẹni ń wẹ ọmọ, ó fi gọ́ọ̀mù sí i lójú méjèèjì, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Bí a ṣe tún un ṣe nìyẹn. Ohun tó lè dá wa dúró lójú ọ̀nà, a pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó kàn máa ń bí èèyàn nínú, a fi í sílẹ̀.

Mo dé bọ́dà kí oòrùn tó kanrí. Ìyá mi ti jókòó lórí àpò ẹ̀wà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kí mi, ó ní mo gbẹ. Lẹ́yìn náà ó yí ọkọ̀ ká, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe bí ẹni pé àná ló sọ̀kalẹ̀. Mo ṣáná. Ó ní kí n pa rédíò. Mo pa á. À ń lọ lórí ilẹ̀ pupa yẹn, oko kajú lápá ọ̀tún, oko iṣu lápá òsì, mo sì ń fi etí gbọ́, mo ń fi ìdí gbọ́, mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́.

Kí a tó dé Kika, orí rẹ̀ ti wà lára gíláàsì.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí ìdánwò tí mo yege nínú rẹ̀ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo kí àwọn tó ń lọ sóko. Wọ́n kí mi padà. Ẹnì kan tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ mi pariwo pé, "Ará Èkó!" Mo juwọ́ sí i, mo ní, "Èmi rèé."

Lẹ́yìn Kika, ó lajú lójijì.

N kò béèrè nǹkan kan. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wo omi, omi pé. Mo wo ọ́ìlì, ọ́ìlì wà. Mo fọwọ́ tẹ gbogbo ohun tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀, mo sì jó ara mi nínú èyí tí kò ṣeé tẹ̀. Ìyá mi yọrí.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ lajú, Màmá. Mo ní bóyá nǹkan ti bàjẹ́."

"Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí."

Gáráàjì ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ nígbà tí a dé, torí Tọ́ńtọ́n ti ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mo pa ọkọ̀. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ́ìlì kan kán sílẹ̀. Ó dúró títí òmíràn fi kán.

"Ibi tó ti ń jò nílé náà ni?"

"Ibẹ̀ náà ni, Màmá."

Ó mi orí, ó dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó ní ekuru ọ̀nà yẹn pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Tọ́ńtọ́n Ràímì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè gbà, ó ní ẹ ṣeun, ẹ bá wa tún mọ́tò náà ṣe.

"Mọ́tọ̀, Màmá," ni Tọ́ńtọ́n wí.

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn," ni ìyá mi dá a lóhùn, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Mo yanu láti ṣàlàyé, torí nínú gbogbo wa tí a dúró níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wí. Mo tún ẹnu náà pa dé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mi kò tíì parí o. Ẹni bá dé gáráàjì náà lónìí, kó wo abẹ́ igi. Ẹ̀ńjẹ̀n Táta Felisité ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ aṣọ, òkúta yí i ká, táyà rẹ̀ sì ṣì jò. Mo ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.